Learie Constantine àti Gínì Márùn-ún

Nínú kíláàsì òfin ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Olùkọ́ wa ń kọ́ wa nípa ẹ̀tọ́ tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́ bí kò tilẹ̀ pàdánù kọ́bọ̀. Wọ́n dárúkọ ẹjọ́ kan tí a dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944. Wọ́n ní ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Constantine pe àwọn onílé òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́jọ́, ó jàre, adájọ́ sì ní kí wọ́n fún un ní gínì márùn-ún. Gínì kan jẹ́ ṣílè mọ́kànlélógún; pọ́n-ùn márùn-ún àti ṣílè márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Kíláàsì bú sí ẹ̀rín. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní owó tí bàbá náà fi wọ ọkọ̀ lọ sí kóòtù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Oṣù mélòó kan ṣáájú ọjọ́ náà, mo ti rí yàrá kan gbà nítòsí ilé-ẹ̀kọ́. Onílé gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Nígbà tí mo kó ẹrù mi dé, ó bi mí ní ìlú tí mo ti wá. Mo dárúkọ ìlú mi. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun kì í gba ará ìlú wa sí ilé òun. Ó ka owó mi fún mi, kò dín kọ́bọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rẹ́ mi kan ti gbà mí sí yàrá tirẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo rò ó fún ni ó ní kí n gbàgbé rẹ̀, wọ́n ní ó ṣe tán, n kò pàdánù nǹkan kan. Mo ṣe bí ẹni pé mo gbàgbé lójú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nínú mi. Ìdí nìyí tí mo fi lọ sí ilé ìkàwé láti wádìí ẹni tí Constantine jẹ́. Ohun tí mo rí ni mo kó wá fún yín.

A bí Learie Constantine ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1901, ní abúlé Petit Valley ní Trinidad, erékùṣù kan tí kò jìnnà sí etí òkun Venezuela. Erékùṣù náà kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. A kó àwọn ènìyàn wa lọ síbẹ̀ ní ayé òwò ẹrú, àwọn mìíràn tún débẹ̀ lẹ́yìn tí òwò náà ti di èèwọ̀, títí di òní ni a sì ń bọ Ṣàngó àti Ògún níbẹ̀. Láti ìdí ìyá rẹ̀, ọmọ-ọmọ àwọn tí a mú lẹ́rú ni Learie. Bàbá rẹ̀, Lebrun, ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ ní oko kòkó kan. Kò lówó, ṣùgbọ́n ó lórúkọ, nítorí ó mọ eré kírìkẹ́ẹ̀tì dunjú.

Eré yìí kò wọ́pọ̀ láàrin wa, ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀. A ó ri igi mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní apá kan, a ó ri mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní apá kejì, ẹsẹ̀ bàtà 66 ni àárín wọn. Ẹnì kan yóò fi pátákó ṣọ́ igi. Òun ni alùbọ́ọ̀lù. Ajubọ́ọ̀lù yóò sáré bọ̀ láti òkèèrè, yóò na apá rẹ̀ gbọọrọ, yóò sì ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tí ó le bí òkúta sí igi tí onítọ̀hún ń ṣọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá ba igi, alùbọ́ọ̀lù jáde. Bí ó bá lù ú sókè tí ẹnì kan sì hán an kí ó tó balẹ̀, ó jáde. Bí ó bá lù ú jìnnà, yóò sáré dé igi kejì, yóò sì gba ayò kan. Àwọn ajubọ́ọ̀lù kan wà tí ọgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń tan alùbọ́ọ̀lù jẹ. Àwọn mìíràn wà tí eré àti agbára ni tiwọn, tí bọ́ọ̀lù wọn máa ń dé kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Irú àwọn yìí ni Constantine.

Ní ọdún 1900, a yan Lebrun mọ́ àwọn tí yóò lọ gbá kírìkẹ́ẹ̀tì ní Ìlú Ọba, ṣùgbọ́n kò ní owó tí yóò fi lọ. Ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò ṣí gan-an ni àwọn ará ìlú tó dáwó fún un, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ kékeré sáré gbé e lé ọkọ̀ ńlá náà bá lójú omi. Lebrun kò dójú tì wọ́n. Òun ni ó kọ́kọ́ gba ọgọ́rùn-ún ayò fún West Indies ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Learie dàgbà sí. Bàbá ń gbá a, àbúrò ìyá rẹ̀ ń gbá a, bí wọ́n bá sì ń dánra wò ní ẹ̀yìnkùlé, ìyá wọn pàápàá a máa dúró lẹ́yìn igi láti hán bọ́ọ̀lù.

Ṣùgbọ́n eré kò tíì jẹ́ iṣẹ́ fún ọmọ dúdú ní Trinidad nígbà náà. Ní ọdún 1917 Learie di akọ̀wé ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ní Port of Spain. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ òfin, ṣùgbọ́n ó rí i pé ọ̀nà há fún irú òun. Akọ̀wé ni yóò máa jẹ́ títí. Àwọ̀ ni a fi ń pín ènìyàn lórí pápá náà pẹ̀lú. Àwọn aláwọ̀ funfun àti ọlọ́lá ní ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn aláwọ̀ pupa ní tiwọn, àwọn akọ̀wé àti olùkọ́ tí wọ́n jẹ́ dúdú sì wà nínú ẹgbẹ́ Shannon. Shannon ni Learie wà. Àwọn ọmọ Shannon kì í fi eré ṣeré. Wọ́n mọ̀ pé lórí pápá nìkan ni a kò ti lè sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró sẹ́yìn.

Ó bá West Indies lọ sí Ìlú Ọba ní 1923, ó sì tún padà lọ ní 1928. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 1928 náà ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń bá Middlesex gbá a ní Lord's, pápá tí ó lókìkí jù lọ nínú eré náà. Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ fún West Indies kí Constantine tó mú pátákó. Ó gba ayò 86 kí wákàtí kan tó pé. Nígbà tí ó kan Middlesex lẹ́ẹ̀kejì, ó ju bọ́ọ̀lù tí ó lé ẹni méje nínú wọn jáde. Nígbà tí wọ́n tún rò pé West Indies kò ní lè bá ayò wọn mọ́, ó wọlé, ó gba 103 láàrin wákàtí kan, West Indies sì borí. Kí sáà náà tó parí, ó ti gba ayò 1,381, ó sì ti lé alùbọ́ọ̀lù 107 jáde. Nínú ọdún yìí kan náà ni West Indies kọ́kọ́ gbá ìdíje Test, èyí tí orílẹ̀-èdè fi ń bá orílẹ̀-èdè figagbága, Constantine ni ó sì lé ẹni àkọ́kọ́ jáde fún wọn nínú rẹ̀. Ní Georgetown ní 1930, nígbà tí West Indies borí England nínú Test fún ìgbà àkọ́kọ́, ó lé ẹni mẹ́sàn-án.

Òkìkí Lord's ni ó bá a wá iṣẹ́. Láti 1929 títí di 1937, ẹgbẹ́ Nelson ní Lancashire gbà á sí iṣẹ́, wọ́n sì ń san £500 fún un ní sáà kan. Ìlú àwọn ahunṣọ ni Nelson, ẹni dúdú kò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀ rárá. Àwọn ọmọdé ń yọjú láti wo òun àti Norma aya rẹ̀ bí ẹni wo eégún. Àwọn kan kọ lẹ́tà èébú sí i, àwọn mìíràn kàn ń wò ó ni. Lẹ́yìn sáà kìn-ín-ní, ó fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ padà sílé. Norma ni ó ní kí wọ́n fara dà á. Wọ́n sì fara dà á. Nínú sáà mẹ́sàn-án tí ó lò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀meje ni Nelson gba ife ẹ̀yẹ. Èrò ń wọ́ tẹ̀lé e láti pápá dé pápá, ilé rẹ̀ sì di ojúlé àlejò. Ní 1932, ọ̀rẹ́ rẹ̀ C. L. R. James, tí ó padà di gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé, wá bá wọn gbé níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì máa ń sọ̀rọ̀ òmìnira erékùṣù wọn lálaalẹ́. Ní 1963, Nelson fi oyè ọmọ ìlú dá a lọ́lá.

Ẹ má ṣe rò pé òkìkí ti mú gbogbo ìlẹ̀kùn ṣí. Funfun ni balógun West Indies gbọ́dọ̀ jẹ́ láyé ìgbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń borí fún wọn jẹ́ dúdú. Ní Jamaica ní 1935, nígbà tí balógun ṣèṣe nínú Test, Constantine ni ó fi ipò lé lọ́wọ́, West Indies sì borí. Ṣùgbọ́n ipò ìgbà díẹ̀ ni. Ó di ọdún 1960 kí a tó fi ẹni dúdú kan, Frank Worrell, jẹ balógun fún odindi ìrìn-àjò kan. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, eré Test ti Constantine parí. Ó ti gbá 18, ó sì ti lé alùbọ́ọ̀lù 58 jáde.

Ogun yìí ni ó bí ẹjọ́ tí mo gbọ́ ní kíláàsì. Ìjọba Ìlú Ọba fi Constantine sí iṣẹ́ ní Liverpool láti máa mójú tó àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ tí wọ́n ti West Indies wá ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ohun ìjà. Ilé ni ó ń wá fún wọn, iṣẹ́ ni ó ń wá fún wọn, bí ẹnikẹ́ni bá sì fi àwọ̀ lé wọn, òun ni í lọ bẹ̀bẹ̀. Nínú oṣù Keje ọdún 1943, a ní kí ó wá ṣe balógun West Indies nínú ìdíje kan ní Lord's. Ó gba àyè fún oru mẹ́rin ní Imperial Hotel ní Russell Square, ó san àsansílẹ̀, ó sì ti fara balẹ̀ béèrè bóyá àwọ̀ òun kò ní di wàhálà. Wọ́n ní kò séwu.

Ní ọjọ́ 30 oṣù náà ó dé pẹ̀lú Norma àti Gloria ọmọ wọn. Wọ́n ní oru kan péré ni wọn yóò gbà wọ́n láyè, nítorí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó wà nínú ilé náà kò fẹ́ bá ẹni dúdú gbé. Ọ̀gá kan láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀, ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkùnrin yìí, ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Èébú ni obìnrin tí ń tọ́jú ilé náà fi dá a lóhùn. Constantine kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì mìíràn tí ó jẹ́ ti àwọn onílé kan náà, wọ́n sì sùn níbẹ̀. Ó lọ gbá eré tí ó bá wá. Lẹ́yìn náà ó pe àwọn onílé lẹ́jọ́.

Kò sí òfin kankan ní Ìlú Ọba nígbà náà tí ó ka ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin àtijọ́ kan ni ó dì mú: onílé-èrò kò gbọ́dọ̀ lé arìnrìn-àjò tí ó ṣe tán láti sanwó, àfi bí ó bá ní ìdí tí ó gúnmọ́. Àwọn onílé ní àwọn kò lé e, ara rẹ̀ ni ó fi kúrò, àti pé ṣebí àwọn náà ni ó fún un ní ibi mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú sí ibí yìí. Constantine rí ibi sùn. Kò gba òjò, kò gba ìrì. Bí a bá ní kí ó ka ohun tí ó pàdánù lórí tábìlì, òfo ni. Adájọ́ Birkett gbọ́ tẹnu gbogbo wọn, ó sì dájọ́ nínú oṣù Kẹfà ọdún 1944 pé òótọ́ ni Constantine sọ, pé wọ́n kọ̀ ọ́ láìnídìí, àti pé bí a bá ti tẹ ẹ̀tọ́ ènìyàn mọ́lẹ̀, ó ti tó ẹjọ́, bí kò tilẹ̀ lè fi àdánù kankan hàn. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kò fún òun láyè láti bu owó gbà-máà-bínú ńlá fún un. Bí gínì márùn-ún ṣe dé nìyẹn.

Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Mo ronú lé e títí. Constantine kì í ṣe ẹni tí ebi ń pa. Ó ti lókìkí, ó sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé kí ó mójú kúrò. Ohun tí ó yé mi ni pé òun gan-an ni ó yẹ kó pe ẹjọ́ náà. Àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ tí ó ń bá wá ilé ní Liverpool kò lórúkọ. Bí a bá lé wọn jáde, ta ni yóò gbọ́? Ó ti mọ ohun tí bọ́ọ̀lù fi wà lọ́wọ́ òun. Gbogbo Ìlú Ọba ni ó ka ẹjọ́ náà nínú ìwé ìròyìn.

Ó kù ohun kan tí ó ti fẹ́ láti ìgbà tí ó ti jẹ́ akọ̀wé. Ó jókòó ti ìwé òfin ní ọjọ́ ogbó. Ní 1954, nígbà tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó di agbẹjọ́rò. Nínú ọdún yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ jáde, tí ó sì padà sí Trinidad. Ó wọ òṣèlú, wọ́n dìbò yàn án ní 1956, ó sì di mínísítà iṣẹ́ òde àti ọkọ̀. Ní 1961 a fi í ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù; ní 1962 ọba obìnrin Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di Sà. Ipò tí ènìyàn lè fi sinmi ni.

Kò sinmi. Ní 1963, ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ní Bristol kọ̀ láti gba ẹni dúdú àti ará Éṣíà sí iṣẹ́ awakọ̀ àti agbowó ọkọ̀. Paul Stephenson àti àwọn ọ̀dọ́ ní kí ará ìlú má wọ bọ́ọ̀sì náà mọ́. Constantine sọ̀rọ̀ ní gbangba pé ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe kò dára. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, ilé-iṣẹ́ náà gbà. Ṣùgbọ́n inú ìjọba rẹ̀ kò dùn pé aṣojú ń dá sí ọ̀rọ̀ onílé. Ní 1964, ó fi ipò náà sílẹ̀. Ní 1965, Ìlú Ọba ṣe òfin àkọ́kọ́ tí ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ lé ènìyàn ní òtẹ́ẹ̀lì, ní ilé oúnjẹ, tàbí nínú ọkọ̀ èrò, wọ́n sì fi Constantine sínú ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó òfin náà. Àwọn àgbà ní ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Gínì márùn-ún ni ó kan Constantine nínú àgbọn náà. Ẹni tí ó bá wọ òtẹ́ẹ̀lì ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí ni ó ń jẹ ìyókù.

Ní 1969 ó di Lọ́ọ̀dù, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí yóò jókòó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Lọ́ọ̀dù. Ó fi orúkọ ibi méjì kún oyè rẹ̀: Maraval, ní ibi tí ó ti dàgbà, àti Nelson, ní ibi tí àwọn ọmọdé ti ń yọjú wò ó. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1971. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Trinidad, ìjọba sì sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ ní Arouca. Norma, tí ó ní kí wọ́n fara dà á, kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò ju oṣù méjì lọ tí òun náà fi tẹ̀lé e.

Lẹ́yìn tí mo ka gbogbo èyí tán, mo padà lọ bá onílé náà. N kò pè é lẹ́jọ́, n kò sì bá a jà. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo sì sọ fún un pé ohun tí ó ṣe sí mi kò dára. Ó wò mí títí, ó ní òun kò rántí mi. Mo tún orúkọ mi sọ fún un, mo tún dárúkọ ìlú mi, mo sì kí i pé ó dàbọ̀. Kò fún mi ní yàrá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà ni mo sùn dáadáa.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀, àwọn ọmọ tuntun yóò dé, wọn yóò máa wá yàrá kiri, a ó sì lé àwọn kan nínú wọn nítorí ìlú wọn, tàbí èdè wọn, tàbí ẹ̀sìn wọn. Bí wọ́n bá wá rò ó fún wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a béèrè ohun tí wọ́n pàdánù. Ẹ jẹ́ kí a bá wọn padà lọ síbẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.